Afẹ́fẹ́ Oòrùn Dé Ìkòsì

Ilẹ̀ wíwọ̀n niṣẹ́ mi, Kétu l'Ékòó ni mo sì ti ń ṣe é, láti Ìkòsì títí dé Àgílítí. Kọ́ńpáàsì làwọn ọ̀gá tó kọ́ wa níṣẹ́ fi wọn ilẹ̀. GPS làwa ń gbé kọ́ igi ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta lóde òní. Oòrùn lè da méjèèjì láàmú, ó sì yẹ kí gbogbo ẹni tó ní ilẹ̀ mọ̀ nípa rẹ̀.

Yàtọ̀ sí ìmọ́lẹ̀ àti ooru, oòrùn ń tú àwọn ẹ̀yà wẹ́wẹ́ tí iná mànàmáná wà lára wọn síta tọ̀sán-tòru. Nǹkan bí 400 kìlómítà ni wọ́n ń sá láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Bó bá le, ó lè tó 800. Èyí là ń pè ní afẹ́fẹ́ oòrùn. Agbára òòfà tí ayé ní ló ń dá a dúró níbi tó jìnnà sí wa tó nǹkan bí 60,000 kìlómítà, ní ìhà tó kọjú sí oòrùn. Ṣùgbọ́n afẹ́fẹ́ náà gbé òòfà tirẹ̀ dání. Bí òòfà yẹn bá kọjú sí gúúsù, yóò so mọ́ ti ayé, ọ̀nà á là, agbára á sì wọlé: ìjì oòrùn nìyẹn.

Ohun tí ẹ̀rọ tó ń wọn òòfà máa ń kọ sílẹ̀ nígbà náà ló jọ mí lójú jù. Ìlà á kọ́kọ́ fò sókè lójijì, torí afẹ́fẹ́ ti tẹ òòfà ayé mọ́ra. Lẹ́yìn náà, iná mànàmáná ńlá á máa yí ayé po lókè réré, ìlà á wá já wálẹ̀ fún wákàtí mélòó kan, á sì gbà á lọ́jọ́ díẹ̀ kó tó padà sípò. Lọ́jọ́ kẹwàá sí ìkọkànlá oṣù karùn-ún ọdún 2024, ó já tó 400 nánótẹ́sílà, ìyẹn òṣùwọ̀n òòfà. Nǹkan bí 32,000 ni gbogbo òòfà ayé tó wà l'Ékòó. Ẹ má fojú kéré e o. Ìjì oòrùn tó jù bẹ́ẹ̀ lọ ló pa iná Quebec ní Kánádà lóṣù kẹta ọdún 1989. Mílíọ̀nù 6 èèyàn wà lókùnkùn fún wákàtí mẹ́sàn-án.

Ọ̀tọ̀ ni tiwa níhìn-ín. Ìlà agbedeméjì òòfà ayé gba òkè Ọya kọjá, iná mànàmáná tóóró kan sì ń ṣàn lókè rẹ̀ lọ́sàn-án, ní nǹkan bí 100 kìlómítà sókè. Òun ló ń mú kí òòfà ilẹ̀ wa máa gòkè títí di ọ̀sán gangan, kó tún wálẹ̀ nírọ̀lẹ́, bí ìjì ò tiẹ̀ sí. Ọ̀jọ̀gbọ́n Agodi Onwumechili, tó padà di gíwá Yunifásítì Ifẹ̀, bẹ̀rẹ̀ ìwádìí lórí iná náà n'Íbàdàn ní àwọn ọdún 1950. Ọdún 1997 ni ìwé tó kọ lórí iná náà jáde. Lẹ́yìn ìgbà náà, Yunifásítì Kyushu ti ilẹ̀ Japan bá wa gbé ẹ̀rọ sí Ìlọrin àti Èkó.

Bí oòrùn bá wọ̀, òfuurufú wa a máa dàrú, àmì sátẹ́láìtì á sì máa gbọ̀n. GPS á rí ibi tí mo dúró sí, á tún sọ ọ́ nù. Ìgbà oṣù kẹta àti ìgbà oṣù kẹsàn-án ló ń le jù. Ìjì oòrùn lè dá kún un. Nígbà mìíràn, ńṣe ló ń pa á lẹ́nu mọ́.

Àwa ará Àgílítí mọ̀ pé bí wọ́n bá ti ṣí dáàmù Ọ̀yán, omi ń bọ̀ lọ́nà nìyẹn. Bákan náà ni sátẹ́láìtì tó wà ní mílíọ̀nù kan àbọ̀ kìlómítà sí wa, lójú ọ̀nà oòrùn, ń kéde pé afẹ́fẹ́ líle ti kọjá lọ́dọ̀ òun, ó ku bí ìṣẹ́jú 15 sí wákàtí kan kó dé. Àjọ NOAA ti Amẹ́ríkà ń gbé ìròyìn náà sórí íntánẹ́ẹ̀tì lọ́fẹ̀ẹ́. Ẹ̀yin awọnlẹ̀ ẹgbẹ́ mi, ẹ máa yẹ̀ ẹ́ wò kí ẹ tó ri píllà. Ẹ̀yin onílẹ̀, bí awọnlẹ̀ yín bá ní òun fẹ́ padà wá tún ààlà wọ̀n lọ́jọ́ kejì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà fún un.