Okùn Wáyà Máa Ń Kìlọ̀ Kó Tó Já

Ẹ̀yin tí ọ̀rọ̀ yìí kọjá létí lórí rédíò, ẹ tún un kà níbí. Ẹ̀yin tí ẹ kò gbọ́ ọ, ẹ jókòó kí ẹ fara balẹ̀ kà á.

Nígbà tí òjò bá ti mu ilẹ̀ yó, gbogbo wa la mọ ohun tó ń dé bá ọkọ̀ akẹ́rù tó bá kó ẹyìn ọ̀pẹ tàbí gbágùúdá gba ọ̀nà oko. Táyà á rì. Awakọ̀ á tẹ iná mọ́ ọn, táyà á máa yí lójú kan, kòtò á sì máa jìn sí i. Ogún ènìyàn lè tì í kó má mira. Ìgbà náà ni ẹnì kan á sọ pé: « Ẹ lọ gbé tirfor wá. »

Tirfor ni orúkọ tí àwọn tó ń ṣe ọ̀kan nínú irú ẹ̀rọ yìí sọ ọ́. Ní àwọn ilẹ̀ tí wọ́n ti ń sọ èdè Faransé, ó ti di orúkọ gbogbo ẹ̀rọ tó bá jọ ọ́. Àpótí irin kan ni. Okùn wáyà gba inú rẹ̀ kọjá, ó sì ní ọ̀pá tí a ń fì síwájú sẹ́yìn. Ẹnì kan ṣoṣo tó di ọ̀pá yìí mú lè fa ohun tí ogún ènìyàn kò lè tì. Ìdí nìyẹn tí a fi fẹ́ràn rẹ̀. Ìdí nìyẹn náà tó fi lè pa ènìyàn.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ wo bó ṣe ń ṣiṣẹ́. Nígbà tí ẹ bá ń fa omi nínú kànga, ọwọ́ kan á di okùn mú, ọwọ́ kejì á lọ síwájú láti gba okùn. Bí èyí bá ti gbà á, tàkọ́kọ́ á tú u sílẹ̀. Okùn kì í bọ́ nítorí pé ọwọ́ kan wà lára rẹ̀ nígbà gbogbo. Bẹ́ẹ̀ gan-an ni inú àpótí yìí rí. Ẹ̀mú méjì ló wà níbẹ̀. Bí ẹ ṣe ń fi ọ̀pá, ọ̀kan ń mú, ìkejì ń lọ gbà. Bí ẹ bá dáwọ́ dúró láti sinmi, ẹ̀mú á di okùn mú ṣinṣin. Bí ẹrù bá ṣe ń fa okùn tó ni ẹ̀mú ṣe ń mú un tó.

Ọ̀pá kejì wà tí a fi ń dá okùn padà díẹ̀díẹ̀. Ẹ má ṣe fi ọ̀pá méjèèjì lẹ́ẹ̀kan náà. Ìdè kan tún wà tó ń ya ẹ̀mú méjèèjì kúrò lára okùn. Ìgbà tí okùn bá dẹ̀ pátápátá nìkan ni kí ẹ fọwọ́ kan ìyẹn.

Ní ara àpótí náà, ẹ óo rí nọ́ńbà tí wọ́n kọ síbẹ̀: 800, tàbí 1600, tàbí 3200. Ẹ̀yin tí ẹ ti mọ̀ ọ́n kà báyìí, ẹ kà á kí ẹ tó so nǹkan kan mọ́ ọn. Iye kílò tí agbára rẹ̀ tó nìyẹn. Kì í ṣe ọ̀ṣọ́.

Ní ti ọkọ̀ tó rì, àwọn tó ń yọ ọkọ̀ nínú ẹrẹ̀ ní ìṣirò kan tó dára láti mọ̀. Bí ẹrẹ̀ bá bo táyà, agbára tí a óo fi fà á tó ìwọ̀n ọkọ̀ náà pẹ̀lú ẹrù tó wà nínú rẹ̀. Bí ó bá rì kọjá táyà, agbára náà lè tó ìlọ́po méjì. Ẹ jẹ́ ká ṣe ìṣirò. Ọkọ̀ wọn 3000 kílò, ẹrù inú rẹ̀ wọn 2000 kílò. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 5000. Ẹ̀rọ yín jẹ́ 1600. Ṣé ó lè fà á? Kò lè fà á. Kí ni ká ṣe? Ẹ kọ́kọ́ já ẹrù sílẹ̀. Ẹ fi ọkọ́ wa ẹrẹ̀ iwájú táyà, ẹ tẹ́ pákó tàbí ẹ̀ka igi síbẹ̀. Lẹ́yìn náà, bí ẹ bá ní púlì, ẹ so ó mọ́ ọkọ̀, kí okùn lọ yí i po, kí ẹ sì dá orí okùn padà wá so mọ́ ibi tó dúró gbọn-in. Ọkọ̀ á máa rìn ní ìdajì ìyára, ṣùgbọ́n agbára ẹ̀rọ á fẹ́rẹ̀ẹ́ di ìlọ́po méjì. Iṣẹ́ ọkọ́ ni àwọn ènìyàn máa ń kórìíra jù. Èmi rò pé òun ló wúlò jù nínú gbogbo rẹ̀.

Bí ẹ kò bá ṣe èyí, ìṣó kékeré kan á dá yín lẹ́kun. Nínú ọ̀pọ̀ irú ẹ̀rọ yìí, ìṣó wà níbi tí ọ̀pá ti wọ àpótí. Àwọn tó ṣe ẹ̀rọ mọ̀ọ́mọ̀ jẹ́ kí ibẹ̀ rọ̀ ju gbogbo ara rẹ̀ yòókù lọ. Bí ẹrù bá ju agbára ẹ̀rọ lọ, ìṣó á gé, ọ̀pá á máa fì lásán, ṣùgbọ́n ẹ̀mú á ṣì di okùn mú. Ẹ̀rọ kò bàjẹ́. Ó ń sọ fún yín pé ó tó gẹ́ẹ́ ni. Ẹni tó bá wá fi ìṣó káfíńtà tàbí bóòtù dí ihò náà ti pa á lẹ́nu mọ́, okùn ni yóò sì gé lẹ́ẹ̀kejì. Ìṣó tí wọ́n ṣe fún ẹ̀rọ náà gan-an ni kí ẹ rà, kí ẹ sì ní mélòó kan ní ìpamọ́. Ẹ má ṣe fi páìpù fa ọ̀pá gùn, nítorí ọ̀kan náà ni.

Ibi tí ikú wà

Okùn tí a fà le kò jọ okùn lásán mọ́. Ọmọdé tó ń fi kànnàkànnà pa alángbá mọ̀ pé bí òun bá ṣe fa rọ́bà tó ni òkò á ṣe fò tó. Gbogbo agbára tí ẹ fi ọ̀pá kó jọ, inú okùn ló wà. Bí okùn bá já, tàbí ìkọ́ bá yọ, tàbí igi tí a so ó mọ́ bá fà tu, agbára náà á jáde lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Okùn á nà padà kí ojú tó rí i. Ó lè gé ẹsẹ̀. Ó lè pa ẹni tó kàn wá wòran.

Nítorí náà, kí gbogbo ẹni tí kò níṣẹ́ níbẹ̀ jìnnà. Báwo ni yóò ti jìnnà tó? Bí okùn tí ẹ nà sílẹ̀ bá jẹ́ mítà 20, kí wọ́n jìnnà ju mítà 20 lọ. Ẹ lé àwọn ọmọdé kúrò pátápátá. Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ fẹsẹ̀ dá okùn kọjá nígbà tó bá le, ì báà ṣe ìṣísẹ̀ kan. Ẹni tó ń fi ọ̀pá gbọ́dọ̀ dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́, kó má ṣe jẹ́ kí okùn wà láàárín ẹsẹ̀ rẹ̀. Bí okùn bá lọ yí púlì po, ojú méjì ló ní: inú àti ẹ̀yìn. Inú ni okùn á gbá bí púlì bá yọ. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe dúró nínú.

Àṣà kan wà tí ó dára: ẹ rẹ àpò sínú omi, kí ẹ fi kọ́ okùn láàárín kí ẹ tó fà á le. Ó máa ń dín bí okùn ṣe ń fò kù. Ṣùgbọ́n kò sọ ibi tí kò dára láti dúró di ibi tó dára.

Igi wo la óo so ẹ̀rọ mọ́? Ọ̀pẹ ló pọ̀ jù ní àyíká wa. Pobè gan-an ní ibùdó ìwádìí ọ̀pẹ láti ọdún 1922. Ṣùgbọ́n ọ̀pẹ kò ní olórí gbòǹgbò tó wọlẹ̀ ṣánṣán. Gbòǹgbò wẹ́wẹ́ ló ní, èyí tó pọ̀ jù nínú wọn kò sì jìn. Nínú ilẹ̀ tí omi ti rin, ọ̀pẹ tó ga lè wó wá bá yín. Igi líle tó ṣì ń hù, tó nípọn, ni kí ẹ wá, kí ẹ sì so okùn mọ́ ìsàlẹ̀ rẹ̀ pátápátá. Ẹ fi okùn mìíràn tàbí ṣéènì yí igi po, kí ẹ wá fi ìkọ́ ẹ̀rọ kọ́ ìyẹn. Ẹ má ṣe yí okùn ẹ̀rọ fúnra rẹ̀ po igi kí ẹ sì fi ìkọ́ kọ́ ọ padà. Yóò ṣẹ́, kò sì ní tún nà mọ́.

Bí a ṣe ń ka okùn

Láyé àtijọ́, ṣéènì ni wọ́n fi ń fa ẹrù jáde nínú ihò jíjìn tí wọ́n ti ń wa àlùmọ́ọ́nì ní ilẹ̀ Jámánì. Bí òrùka kan ṣoṣo bá já, gbogbo ṣéènì já nìyẹn, kò sì ní kìlọ̀ fún ẹnikẹ́ni. Ní 1834, Wilhelm Albert, ọ̀gá kan níbi ìwalẹ̀ ní ìlú Clausthal, mú wáyà irin, ó lọ́ mẹ́rin pọ̀ di ẹ̀ka kan, ó tún lọ́ ẹ̀ka mẹ́ta pọ̀ di okùn. Òun ni bàbá okùn wáyà tí à ń lò lónìí. Ohun tó dára jù nínú rẹ̀ ni pé bí wáyà kan bá já, àwọn yòókù ṣì ń gbé ẹrù. Wáyà kan á já lónìí, òmíràn á já lọ́la. Ẹni tó bá wò ó á mọ̀ pé ọjọ́ okùn náà ti ń pé.

Báwo la ṣe ń wò ó? Ẹ nà án sílẹ̀ lójú ọ̀sán. Ẹ wọ ìbọ̀wọ́ aláwọ, ẹ fi àkísà bo okùn, kí ẹ rọra fa àkísà náà lọ. Níbi tí wáyà bá ti já, yóò kọ́ àkísà. Ẹ má ṣe fi ọwọ́ lásán ṣe é, abẹ́rẹ́ ni wáyà tó já. Ẹ fi ẹfun sàmì síbẹ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ mú ẹ̀ka kan, kí ẹ fi ojú tọ̀ ọ́ lọ títí yóò fi yí okùn po lẹ́ẹ̀kan. Nínú ìwọ̀n gígùn yìí, ẹ ka wáyà tó ti já. Òfin tí ọ̀pọ̀ àwọn tó ń lo ẹ̀rọ ìgbẹ́rù ń tẹ̀lé ni pé: bí ó bá pé mẹ́fà, tàbí bí mẹ́ta bá já nínú ẹ̀ka kan ṣoṣo, iṣẹ́ okùn náà ti parí. Bákan náà ni okùn tó ti ṣẹ́ ní kókó, èyí tí ìpẹtà ti jẹ wọnú, àti èyí tí ìnípọn rẹ̀ ti fi ìdámẹ́wàá dín. Ẹ má ṣe fi òòlù na kókó kó lè tọ́. Inú rẹ̀ ti bàjẹ́. Ẹ má sì ta okùn tó ti parí fún ẹlòmíràn pé kó fi fa ẹrù. Ẹ gé e wẹ́wẹ́.

Kókó máa ń wá láti inú bí a ṣe ń tú okùn. Ẹ má ṣe fà á jáde láti ẹ̀gbẹ́ ìká. Ẹ yí ìká náà lórí ilẹ̀ bí ọmọdé ṣe ń yí rímù kẹ̀kẹ́, okùn á máa tẹ́ sílẹ̀ fúnra rẹ̀.

Lẹ́yìn iṣẹ́, ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì gbọn ẹrẹ̀ kúrò lára okùn. Ẹ fi epo kẹrosíìnì fọ inú àpótí, kó gbẹ, kí ẹ wá da epo tó nípọn sí i. Ọ̀pọ̀ ènìyàn kì í fẹ́ fi epo sí i, wọ́n ní okùn á máa yọ̀. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹ̀mú tó gbẹ ni kì í ṣí dáadáa, tí kì í sì í pa dé. Ṣùgbọ́n ẹ má ṣe lo epo tàbí gíríìsì tí wọ́n po graphite tàbí molybdenum mọ́. Èyí nìkan ni kò yẹ ẹ́.

Ohun méjì péré ló kù. Àkọ́kọ́, ẹ̀rọ yìí kì í gbé ènìyàn. Bí ẹ bá ń gbẹ́ kànga, ẹ má ṣe fi í sọ ẹni tó ń gbẹ́ ẹ kalẹ̀.

Ìkejì ni wáyà iná. Láti ọdún 2007 ni iná ti ń gba orí òpó ńláńlá láti Ìkẹjà ní Nàìjíríà wá sí Sakété. Agbára rẹ̀ jẹ́ 330,000 fóòtì. Ẹ̀rọ ìfà tó tóbi ni a fi ń ta irú wáyà bẹ́ẹ̀. Okùn kékeré ni wọ́n kọ́kọ́ ń fà kọjá, èyí á fa okùn ńlá, okùn ńlá á wá fa wáyà iná. Ẹ̀rọ kan ń fà ní orí kan, ẹ̀rọ kejì ń dá a dúró ní orí kejì kí wáyà má bàa kan ilẹ̀. Àwọn méjèèjì ń bá ara wọn sọ̀rọ̀, ẹnì kan ṣoṣo ló sì ń pàṣẹ. Ohun tí àwa náà lè fara wé nìyẹn: ní ìdí tirfor, kí ẹnì kan ṣoṣo máa sọ « fà » tàbí « dúró ». Ṣùgbọ́n bí ẹnikẹ́ni bá kígbe « dúró », ì báà ṣe ọmọdé, kí ọ̀pá dúró. Ẹ má sì fa igi tàbí ọkọ̀ lábẹ́ wáyà iná tàbí nítòsí rẹ̀. Okùn tó bá já lè fò dé òkè, irú iná yẹn kò sì dúró dìgbà tí ohun kan bá kàn án kó tó pa ènìyàn.

Bí ẹgbẹ́ yín bá jọ ra ẹ̀rọ yìí, ẹ ra ìwé kékeré kan pẹ̀lú rẹ̀, kí ẹ fi rúlà pín ojú ewé sí mẹ́ta: ọjọ́, orúkọ ẹni tó lò ó, iye wáyà tó ti já. Ẹni tó bá dá a padà ló máa kọ ọ́, lójú ẹni tó máa gbà á.