Àwọn Àṣìṣe Kéékèèké Nídìí Ẹ̀rọ Ìránṣọ

Kò ṣọ̀wọ́n láti rí ẹ̀rọ ìránṣọ nínú ilé àwọn ènìyàn wa tí òwò gbé dé Niamey. Òmíràn wà tí a ń fi ọwọ́ yí, òmíràn tí a ń fi ẹsẹ̀ tẹ̀, òmíràn tí iná mànàmáná ń yí. Àwọn Hausa ń pè é ní keken ɗinki, àwọn tí ó kàwé Faransé ń pè é ní machine à coudre. Orúkọ yòówù tí ìbáà jẹ́, ohun kan náà ni ó sábà ń dé bá a. Yóò ṣiṣẹ́ dáadáa fún ìgbà díẹ̀. Lẹ́yìn náà òwú yóò bẹ̀rẹ̀ sí í já, aṣọ yóò máa hunjọ, onílé yóò sì wí pé ó ti bàjẹ́. Wọn a fi aṣọ bò ó sí igun yàrá. Ọmọbìnrin tí a tìtorí rẹ̀ rà á, tí ì bá ti máa rán aṣọ ilé-ìwé àwọn àbúrò rẹ̀, yóò jókòó lásán. Bí Iléyá bá sì kù sí dẹ̀dẹ̀, owó tí ì bá wọlé fún ìyá rẹ̀ yóò bọ́ sọ́wọ́ télọ̀. Lójú tèmi, àdánù gidi ni èyí, nítorí ọ̀pọ̀ irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ ni kò bàjẹ́ rárá. Ohun tí ó ń ṣe wọ́n kò ju ọ̀ràn abẹ́rẹ́, òwú, eruku tàbí epo lọ.

Ẹni tí ó bá fẹ́ mọ ibi tí àṣìṣe wà gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ mọ bí ẹ̀rọ ti ń rán aṣọ. Bí a bá ń fi ọwọ́ rán aṣọ, òwú kan ṣoṣo ni a ń lò. Ṣùgbọ́n méjì ni ẹ̀rọ ń lò, ọ̀kan láti òkè, ọ̀kan láti inú bọ́bìn ní ìsàlẹ̀, èyí tí ẹ̀yin ará Kútọnu àti Lomé ń pè ní canette. Abẹ́rẹ́ ọwọ́ ní ihò ní ìdí. Ti ẹ̀rọ wà lẹ́bàá ẹnu rẹ̀. Elias Howe, ará Amẹ́ríkà, gba ìwé àṣẹ lórí irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ ní ọdún 1846. Isaac Singer, tí orúkọ rẹ̀ wà lára ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ dúdú àtijọ́, gba tirẹ̀ ní 1851. Nígbà tí abẹ́rẹ́ bá gún aṣọ dé ìsàlẹ̀ tí ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í gòkè padà, òwú ara rẹ̀ a wú díẹ̀, a sì dà bí ojóbó. Ìkọ́ kan ní ìsàlẹ̀ a fi ẹnu mú ojóbó yìí, a fà á yí bọ́bìn ká, òwú méjèèjì a sì lọ́ mọ́ ara wọn láàárín aṣọ. Bí ìkọ́ náà kò bá rí ojóbó mú, ojú rírán a fò. Ojóbó kékeré yìí ni kí òǹkàwé fi sọ́kàn.

Àwọn àgbà ní bí abẹ́rẹ́ ti kéré tó, kì í ṣe mímì fún adìẹ. Ẹ wo abẹ́rẹ́ ẹ̀rọ ilé dáadáa: ìdí rẹ̀ tẹ́ pẹrẹsẹ ní apá kan, ní apá kejì, ipa gígùn kan wà tí òwú ń gbà sọ̀kalẹ̀. Apá tí ipa gígùn náà wà ni a ó ti ki òwú bọ ihò. Ẹni tí ó bá ki abẹ́rẹ́ bọ̀ ọ́ sódì, tàbí tí kò tì í dókè pátápátá kí ó tó dè é, lè yí ẹ̀rọ títí ilẹ̀ yóò fi ṣú láìrí ojú rírán kan tí ó gún. Nọ́ńbà abẹ́rẹ́ pẹ̀lú kì í ṣe ọ̀ṣọ́. 90 túmọ̀ sí pé ó nípọn tó ìdá mẹ́sàn-án nínú mẹ́wàá mìlímítà kan. Òun náà ni a ń kọ 14 sí lẹ́gbẹ̀ẹ́. 80 tàbí 90 yẹ àǹkárá, 100 tàbí 110 yẹ aṣọ jíìnsì, 70 yẹ aṣọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́. Bí abẹ́rẹ́ bá sì ń dún tọ́, tọ́, bí ó ti ń gún aṣọ, ó ti kújú. Ẹ yọ ọ́ dànù.

Èyí tí ó ń tan ènìyàn jẹ jù lọ ni òwú tí ń dì jọ gọ̀ọ́rọ̀gọ̀ọ́rọ̀ ní abẹ́ aṣọ. Nítorí pé ìsàlẹ̀ ni a ti rí i, bọ́bìn ni gbogbo ènìyàn ń dá lẹ́bi, wọn a sì máa yí ìdè kékeré ara rẹ̀ títí wọn yóò fi bà á jẹ́ ní tòótọ́. Ṣùgbọ́n òwú òkè ni ó sábà jẹ̀bi. Irin pẹlẹbẹ méjì wà tí ń fún òwú náà kí ó má baà tú yàà. Bí ẹsẹ̀ tí ń tẹ aṣọ bá wà nílẹ̀ nígbà tí a ń fa òwú sí ẹ̀rọ, irin méjèèjì ti pa ẹnu dé, òwú yóò wà lẹ́yìn òde wọn. Nítorí náà, ẹ gbé ẹsẹ̀ náà sókè kí ẹ tó fa òwú, kí ẹ sì sọ̀ ọ́ kalẹ̀ kí ẹ tó rán aṣọ. Ní ìbẹ̀rẹ̀, ẹ fi ọwọ́ di ẹnu òwú méjèèjì mú sẹ́yìn fún ojú rírán mẹ́ta tàbí mẹ́rin. Bí gbogbo èyí bá pé tí kò sì tíì dára, nígbà náà ni kí a tó fọwọ́ kan ìdè òkè: bí òwú ìsàlẹ̀ bá ń yọjú lókè, ó le jù, bí ti òkè bá ń ṣe ojóbó lábẹ́, ó dẹ̀ jù.

Ọwọ́ aránṣọ náà ní ẹ̀bi tirẹ̀. Eyín irin tí ó wà lábẹ́ ẹsẹ̀ ni ó ń gbé aṣọ lọ; iṣẹ́ ọwọ́ wa kò ju kí a tọ́ ọ sọ́nà lọ. Ẹni tí ó bá ń fa aṣọ láti ẹ̀yìn ń tẹ abẹ́rẹ́, abẹ́rẹ́ náà yóò sì lọ kọ lu irin, yóò dá. Nídìí ẹ̀rọ ẹlẹ́sẹ̀, àwọn ọmọdé a máa tẹ ẹsẹ̀ tí kẹ̀kẹ́ òkè yóò fi yí sẹ́yìn. Òwú a já lójú ẹsẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ ó kọ́ ọmọ ní iṣẹ́ yìí, ẹ yọ òwú kúrò pátápátá, ẹ fi abẹ́rẹ́ ògbólógbòó sí i, kí ọmọ máa gún ojú ìlà ìwé àjákọ títí ẹsẹ̀ àti ọwọ́ rẹ̀ yóò fi bá ara wọn mu. Ìwé a máa sọ abẹ́rẹ́ di kíkújú, nítorí náà ẹ má ṣe lo tuntun.

Ní ti Niamey, ọ̀tá ńlá ni eruku. Bí ọyẹ́ bá ti ń fẹ́ láti aṣálẹ̀ Sahara, ìyẹ̀fun iyanrìn a wọ ibi tí ọwọ́ kò lè dé, a dàpọ̀ mọ́ ẹ̀hun òwú, a sì le bí àmọ̀ ní abẹ́ eyín irin. Ẹ tú irin pẹlẹbẹ ibẹ̀, kí ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì kékeré gbá a. Ẹ má ṣe fi ẹnu fẹ́ ẹ, nítorí èémí ní omi nínú. Lẹ́yìn náà ni epo. Òróró ẹ̀pà pọ̀ ní ilẹ̀ yìí, ó sì ń dán bí epo ẹ̀rọ, ṣùgbọ́n bí ọjọ́ bá ti ń gorí ọjọ́ yóò dì bí oje igi, kẹ̀kẹ́ kò sì ní lè yí mọ́. Epo ẹ̀rọ ìránṣọ gan-an ni kí a kán, ẹ̀kán kan sí ihò kọ̀ọ̀kan, kí a sì rán àkísà díẹ̀ kí epo má baà ta sí aṣọ oníbàárà. Èyí tí òróró bá ti dì mọ́, kẹrosíìnì yóò tú u. Ṣùgbọ́n kẹrosíìnì kì í ṣe epo, ẹ nù ún kúrò kí ẹ tó kán epo gidi sí i.

Bí a bá ti ṣe gbogbo èyí tí ẹ̀rọ náà kò sì gbọ́, ó tó láti gbé e lọ sọ́dọ̀ ẹni tí ń tún un ṣe. Kí a mú aṣọ tí ó rán kẹ́yìn lọ́wọ́ pẹ̀lú òwú àti abẹ́rẹ́ tí ó fi rán an, kí a má sì tú ojú rírán náà, kí ó lè fi ojú ara rẹ̀ rí i.