Bọ́ọ̀nsì, Pọ́ọ̀fù-pọ́ọ̀fù àti Rísíìtì Igba Náírà

Aago méje òwúrọ̀ kò tíì lù tí òróró ti ń hó nínú agbada ní gáréèjì Òkìtìpupa. Ẹni tó ń lọ Ìgbókòdá ń rà, ẹni tó ń bọ̀ láti Ọ̀rẹ̀ ń rà, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ OAUSTECH, yunifásítì tí wọ́n fi orúkọ Olóògbé Olúṣẹ́gun Àgágù pè, náà ò gbẹ́yìn.

Ìyá tí mo dúró tì ń dín bọ́ọ̀nsì àti pọ́ọ̀fù-pọ́ọ̀fù. Fúláwà pọ́ọ̀fù-pọ́ọ̀fù rẹ̀ rọ̀, yíìsì ti mú un wú láti òru. Ó bù ú sọ́wọ́, ó fún un jáde láàárín àtàǹpàkò àti ìka kejì, ó bọ́ sínú òróró, kò pẹ́ tó fi léfòó. Ti bọ́ọ̀nsì le ní tirẹ̀: kò ní yíìsì, báákín páwúdà ló ń gbé e dìde, ara rẹ̀ a sì máa là bó ti ń pọ́n.

“Bọ́ọ̀nsì ló ń dúró níkùn,” dírẹ́bà kan ló sọ bẹ́ẹ̀.

Ọmọbìnrin kan dá a lóhùn kíá: “Ẹ̀gbọ́n, eyín yín ló ṣì le. Ta ló ń jẹ òkúta láàárọ̀?”

Gbogbo èèyàn rẹ́rìn-ín. Èmi wà lẹ́yìn dírẹ́bà. Pọ́ọ̀fù-pọ́ọ̀fù dùn nígbà tó bá gbóná, kò sẹ́ni tó máa jiyàn ìyẹn, láti ibí títí dé Àkírà ni wọ́n ti ń dín in. Ṣùgbọ́n tó bá ti tutù, á súnkì, òróró á sì rin bébà gbingbin. Bọ́ọ̀nsì àná ṣì ṣeé jẹ.

Ọ̀rọ̀ owó ló wá le jù. Láti ìgbà tí owó tuntun ti dá ọ̀wọ́n náírà sílẹ̀ níbẹ̀rẹ̀ 2023, tíráńsífà ti di bárakú. Ọmọbìnrin yẹn na rísíìtì tó wà lórí fóònù rẹ̀ síwájú: “Mà, mo ti fi igba náírà ránṣẹ́.” Ìyá wo fóònù tirẹ̀, kò rí àlááàtì. Ó di ọ̀rá mú, kò gbé e sílẹ̀, kò sì fi lé e lọ́wọ́. Dírẹ́bà ní ta ló ń tọ́jú rísíìtì igba náírà? Mo gbà pé ó yẹ ká tọ́jú rẹ̀. Èrè orí igba náírà kò tó nǹkan; ẹyọ kan tí kò bá wọlé, èrè ọ̀pọ̀ oníbàárà ló gbé lọ. Nẹ́tíwọ́ọ̀kì a sì máa fa ẹsẹ̀, onígbàjúẹ̀ náà wà. Kí oníbàárà má tíì pa rísíìtì náà rẹ́ títí àlááàtì á fi dún. Nígbà tó dún, ìyá kọ ọ́ sínú ìwé ọmọléèwé kan tí òróró ti rin.

Mo bá a dé ọjà nígbà tí agbada sinmi. Kóńgò fúláwà mẹ́ta ló rà, ó sì ní kí wọ́n kọ rísíìtì. Ọmọ ìsọ̀ ń kùn pé kóńgò mẹ́ta péré.

“Kọ ọ́, ọmọ mi. Òun ni n ó fi mọ̀ bóyá márùn-ún ni n ó ta ní igba náírà lọ́la, àbí mẹ́rin.”