Bí Àwọ̀ Ojú Ẹni Bá Ń Yí Padà



Ẹ ó rántí pé ọ̀kan nínú àwọn ìyá tó ń ta gàrí láàárín wa kò wá sí ìpàdé fún oṣù mẹ́rin gbáko. Owó rẹ̀ kò yẹ̀ o. Ọmọ rẹ̀ ló ń gbé e wá. Ìgbà tí a dé ilé rẹ̀ la tó mọ ìdí ọ̀rọ̀. Funfun kan ló yọ sí i létí ẹnu, ó sì ti dé ìpéǹpéjú. Ó ní ní ìpàdé tí òun wá kẹ́yìn, ẹni tó jókòó ti òun dìde, ó lọ síbòmíràn; nígbà tí òun sì gbé obì kalẹ̀, àwọn kan kò mú níbẹ̀. Ọ̀rọ̀ náà dùn wá, nítorí inú ìpàdé tiwa ló ti ṣẹlẹ̀. Òun fúnra rẹ̀ ló ní kí a kọ ọ́, kí a má sáà dárúkọ òun.

Vitiligo ni àwọn dókítà ń pe àìsàn yìí. Ohun kan wà nínú awọ tó ń fún wa ní àwọ̀ dúdú. Àwọn ọmọ ogun ara, tó yẹ kí wọ́n máa bá àrùn jà, ló ṣìnà tí wọ́n ń pa á, ibẹ̀ á wá funfun bí ẹfun. Nínú ọgọ́rùn-ún ènìyàn káàkiri ayé, a lè rí ẹnì kan tó ní in. Kì í ràn rárá. Àwọn kan ń pè é ní ẹ̀tẹ̀, ṣùgbọ́n kì í ṣe ẹ̀tẹ̀. Ibi tí ẹ̀tẹ̀ bá mú lára sábà máa ń kú tíópa. Ti vitiligo kì í kú. Ẹ̀tẹ̀ pàápàá ní oògùn tó ń wò ó sàn, ọ̀fẹ́ sì ni láti 1995.

Oògùn wà tó lè dá àwọ̀ padà, ṣùgbọ́n ó ń pẹ́, kì í sì í kárí gbogbo rẹ̀ nígbà mìíràn. Kí ẹnikẹ́ni má fi ìpara abóra kún un o. Kí ó máa fi gèlè tàbí akẹtẹ̀ ṣíji bo ojú, torí oòrùn tètè ń jó ibẹ̀.

Ọkàn ńkọ́? Òun gan-an la fẹ́ sọ.

Èkíní, ẹ má sá pamọ́. Bí a ṣe ń sá sí ni ẹ̀rù ń pọ̀ sí. Ẹ kọ́kọ́ dé ọ̀dọ̀ aládùúgbò, lẹ́yìn náà ẹ lọ sí ọjà ìtòsí, kí ẹ tó na ọjà Ayétòrò.

Èkejì, ẹ mú èsì kúkurú dání: “Àwọ̀ ló ń bó, kì í ràn. Kóńgò mélòó ni kí n wọ̀n?” Ọ̀rọ̀ á kúrò lórí ojú, á padà sórí gàrí.

Ẹ̀kẹta, ẹ wá ẹlẹgbẹ́ yín. Ogo Maduewesi, tó ní àìsàn yìí, dá ẹgbẹ́ kan sílẹ̀ fún àwọn tó ní in ní Nàìjíríà. Ní Èkó ni wọ́n ti ṣe pàtàkì ayẹyẹ Ọjọ́ Vitiligo Àgbáyé àkọ́kọ́, ní June 25, 2011. Ọjọ́ yẹn ni Michael Jackson kú ní 2009. Òun náà ti sọ lórí tẹlifíṣọ̀n ní 1993 pé àìsàn ló ń ba àwọ̀ òun jẹ́.

Ẹ̀kẹrin, bí oorun bá dá, tí oúnjẹ kò wọlé, tí ikú ń wá síni lọ́kàn, ẹ lọ sí ọsibítù. Àrò ní Abẹ́òkúta kò jìnnà sí wa; kì í ṣe ti wèrè nìkan. Láti 1954, nígbà Ọ̀jọ̀gbọ́n Lambo, ni wọ́n ti ń tọ́jú ènìyàn níbẹ̀; nígbà náà, àwọn aláìsàn máa ń bá ẹbí wọn gbé ní abúlé ìtòsí. Lambo mọ̀ pé ará ilé wà lára oògùn.

Àwa ará ilé náà nìyẹn. Ẹ jókòó tì í. Ẹ gba ṣéńjì lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹ má máa júwe àgbo fún un nígbà gbogbo. Ọjà ni kí ẹ bi í.

Ìyá wa ṣèlérí láti wá sí ìpàdé tó ń bọ̀. Fọ́ọ̀mù ẹ̀yáwó rẹ̀ wà lọ́wọ́ wa: onígbọ̀wọ́ méjì ló gbọ́dọ̀ ní, ẹnì kan péré ló tíì buwọ́ lù ú. Àyè ẹnì kejì ṣì ṣófo. Ẹni tó dìde níjọ́sí mọ ara rẹ̀.

Akọ̀wé Ẹgbẹ́