Ohun tí ó Sọ Kọ̀ǹpútà Ilé di Kọ̀ǹpútà Iṣẹ́

Àwọn àgbà a máa wí pé gbogbo alángbá ni ó dakùn délẹ̀, a kò mọ èyí tí inú ń run. Bẹ́ẹ̀ gan-an ni ọ̀rọ̀ kọ̀ǹpútà rí. Bí a bá to mẹ́wàá sórí àtẹ, àpótí wọn lè jọra, kí ojú wọn sì máa dán bákan náà. Síbẹ̀, ọ̀kan lè wà fún lẹ́tà kíkọ àti eré wíwò nìkan, kí òmíràn sì jẹ́ èyí tí ayàwòrán-ilé lè gbé iṣẹ́ oṣù mẹ́fà lé lórí kí ọkàn rẹ̀ sì balẹ̀. Irú èyí ni àwọn Òyìnbó ń pè ní workstation, èyíinì ni kọ̀ǹpútà iṣẹ́. Kí ni ó wà nínú rẹ̀ tí kò sí nínú ti ilé?

Ní àtètèkọ́ṣe, agbára àti ìyára ni ó pààlà sí àárín àwọn méjèèjì. Ní ọdún 1981, IBM gbé kọ̀ǹpútà kékeré kan jáde ní Amẹ́ríkà. Èyí tí owó rẹ̀ kéré jù kò ní ju kílóbáìtì 16 lọ nínú iyè rẹ̀. Ní nǹkan bí àkókò kan náà, àwọn ọ̀mọ̀wé Yunifásítì Carnegie Mellon gbé òṣùwọ̀n kan kalẹ̀ fún kọ̀ǹpútà iṣẹ́, èyí tí a ń pè ní 3M: kí iyè rẹ̀ tó mẹgabáìtì kan, kí ojú rẹ̀ ní ẹyọ àmì mílíọ̀nù kan, kí ó sì lè tẹ̀lé àṣẹ mílíọ̀nù kan ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Lónìí, fóònù inú àpò ti kọjá gbogbo èyí. Nítorí náà, ìyára nìkan kò tó láti fi dá kọ̀ǹpútà iṣẹ́ mọ̀ mọ́. Ohun tí a ń wá ni kí ó lè ṣe iṣẹ́ púpọ̀, kí ó ṣe é pẹ́, kí ó má sì ṣì í.

Ohun kìíní ni ọpọlọ rẹ̀. Nínú ọpọlọ kọ̀ǹpútà òde òní ni a ti ń rí àwọn ọpọlọ kéékèèké tí wọ́n ń pín iṣẹ́ ṣe gẹ́gẹ́ bí àwọn tí a bẹ̀ ní ọ̀wẹ̀ sí oko. Ti ilé sábà máa ń ní mẹ́rin tàbí mẹ́jọ. Kọ̀ǹpútà iṣẹ́ mìíràn ní 64. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ tí ó ṣe é pín nìkan ni ọ̀pọ̀ ọwọ́ ń mú yá. Ogún ènìyàn lè jùmọ̀ ro oko kan. Wọn kò lè jùmọ̀ gun ọ̀pẹ kan.

Ohun kejì ni iyè tí kì í ṣìnà. Òdo àti ọ̀kan ni kọ̀ǹpútà fi ń rántí ohun gbogbo. Bí òdo kan ṣoṣo bá di ọ̀kan, ìṣirò lè bàjẹ́ láì sí ẹni tí ó mọ̀. Nígbà ìdìbò oṣù karùn-ún ọdún 2003 ní orílẹ̀-èdè Bẹ́ljíọ̀mù, ìbò 4,096 wọ orúkọ òǹdíje kan ní Schaerbeek láì sí ẹni tí ó dì í. Nígbà tí a wádìí rẹ̀, kò sí àléébù nínú ètò ẹ̀rọ náà; ohun tí a fura sí ni pé àmì kan ṣoṣo ni ó yí padà nínú iyè rẹ̀. Iye tí àmì kẹtàlá ń dúró fún nínú ìṣirò kọ̀ǹpútà sì ni 4,096 gan-an.

Ọ̀nà àtiyẹra fún irú èyí ti wà láti ìgbà pípẹ́. Richard Hamming, onímọ̀ ìṣirò ní Bell Laboratories, a máa fi iṣẹ́ sílẹ̀ fún ẹ̀rọ ní òpin ọ̀sẹ̀. Bí ẹ̀rọ bá ti rí àṣìṣe, yóò pa iṣẹ́ náà tì. Inú bí i, ó sì béèrè pé bí ẹ̀rọ bá mọ̀ pé àṣìṣe wà, èéṣe tí kò fi lè mọ ibi tí ó wà kí ó sì tún un ṣe? Ní ọdún 1950, ó tẹ ìdáhùn rẹ̀ jáde. Láti inú ìmọ̀ yìí ni iyè tí a ń pè ní ECC ti wá. Nínú irú èyí tí ó wọ́pọ̀, a máa ń fi àmì 8 ṣọ́ àmì 64. Bí ọ̀kan bá yí padà, ẹ̀rọ yóò tún un ṣe. Bí méjì bá yí padà, yóò kígbe síta.

Ohun kẹta ni ibi ìpamọ́. Nínú kọ̀ǹpútà iṣẹ́, a lè kọ ohun kan náà sínú àká méjì lẹ́ẹ̀kan náà, kí ọ̀kan lè ṣẹ́kù bí èkejì bá kú. Síbẹ̀, ohun tí a bá fi ọwọ́ ara ẹni pa rẹ́ yóò pa rẹ́ nínú méjèèjì. Nítorí náà, ẹ̀dà mìíràn gbọ́dọ̀ wà ní ibòmíràn.

Ohun kẹrin ni ìtutù àti iná mànàmáná. Bí ọpọlọ kọ̀ǹpútà bá gbóná jù, yóò dẹ ìrìn kí ó má baà jóná. Ìdí nìyí tí kọ̀ǹpútà ilé mìíràn fi ń sáré fún ìṣẹ́jú díẹ̀ tí ó sì ń rẹ̀ ẹ́ lẹ́yìn náà. Kọ̀ǹpútà iṣẹ́ ní fáànù àti ọ̀nà afẹ́fẹ́ tí ó lè gbà á là títí ilẹ̀ yóò fi mọ́. Níbi tí iná kì í ti í dúró, ó tún yẹ kí bátìrì wà nítòsí, kí iṣẹ́ má baà ṣègbé bí iná bá lọ lójijì.

Ṣé kọ̀ǹpútà ilé lè di kọ̀ǹpútà iṣẹ́ nígbà náà? Ó lè súnmọ́ ọn. A lè fi iyè, àká, fáànù àti bátìrì kún un. Ṣùgbọ́n a kò lè fi ECC sí i bí ọpọlọ rẹ̀ àti pátákó tí a kàn án mọ́ kò bá gbà á. Kí a tó ra ẹ̀rọ ni a ti ń béèrè èyí.

Kì í ṣe gbogbo ènìyàn ni irú ẹ̀rọ yìí tọ́ sí. Ẹni tí ń kọ lẹ́tà kò nílò rẹ̀, owó rẹ̀ yóò sì ṣòfò. Ṣùgbọ́n ẹni tí ń ṣírò afárá tí àwọn ènìyàn yóò máa gbà kọjá kò gbọdọ̀ fi àṣìṣe àmì kan ṣeré. Ìwọ̀n eku ni ìwọ̀n ìtẹ́: kí olúkúlùkù kọ́kọ́ mọ iṣẹ́ tí ó fẹ́ ṣe, kí ó tó wá ẹ̀rọ tí yóò fi ṣe é.