Medal of Honor: Àbádòfin tó fẹ́ sọ owó akọni di 67,500 dọ́là lọ́dún

Ìbò 424 sí òdo. Ẹ̀yin tó ń tẹ̀lé òṣèlú Amẹ́ríkà mọ̀ pé ó ṣọ̀wọ́n kí ẹgbẹ́ Republican àti Democrat fẹnu kò lórí ohunkóhun lásìkò yìí. Síbẹ̀, ní oṣù Kejì ọdún 2025, Ilé Aṣojúṣòfin dìbò fún àbádòfin H.R. 695, ẹnì kan ṣoṣo kò sì dìbò takò ó. Ohun tó wà nínú rẹ̀ ni pé kí owó tí ìjọba ń san fún àwọn tó gba àmì ẹ̀yẹ Medal of Honor gòkè, kó di nǹkan bí 67,500 dọ́là lọ́dún. Owó tí wọ́n ń gbà tẹ́lẹ̀ kò fi bẹ́ẹ̀ ju 20,000 lọ.

Kò sí àmì ẹ̀yẹ kankan tí sójà Amẹ́ríkà lè gbà tó ju Medal of Honor lọ. Láti ọdún 1861 tí ogun abẹ́lé ti bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀ ló ti wà. Àwọn tó ti gbà á lé ní 3,500, ṣùgbọ́n àwọn tó ṣì wà láàyè kò ju nǹkan bí 60 lọ. Ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́, èyí wà lára ohun tó mú kí ìbò náà rọrùn. Owó ọgọ́ta ènìyàn kò lè da àpò ìjọba Amẹ́ríkà rú.

Nígbà tí owó yìí kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀ ní 1916, dọ́là 10 ni lóṣù, ẹni tó bá sì ti pé ọmọ ọdún 65 nìkan ló tọ́ sí. Ìyẹn ni pé ẹni tó fi ẹ̀mí ara rẹ̀ wewu lójú ogun lọ́mọ ogún ọdún ní láti dúró títí irun orí rẹ̀ á fi funfun. Ó di dọ́là 100 ní 1961. Ọdún 2003 ló tó di 1,000.

Àwọn tó gbé àbádòfin náà wá ní àwọn akọni yìí kì í sinmi lẹ́yìn tí wọ́n bá gba àmì ẹ̀yẹ. Ilé ẹ̀kọ́ ń pè wọ́n wá bá àwọn ọmọ sọ̀rọ̀, wọ́n ń lọ síbi ìsìnkú ẹlẹgbẹ́ wọn, àwọn ológun fúnra wọn sì ń lò wọ́n láti fa ọ̀dọ́ mọ́ra. Owó mọ́tò, owó bàálù àti owó òtẹ́ẹ̀lì sì ń ti àpò ara wọn jáde. Ẹnu dùn-ún ròfọ́. Ẹni tá a bá pè ní akọni náà ń ra oúnjẹ lọ́jà.

Ibi tọ́rọ̀ yìí ti kan àwa aláwọ̀ dúdú gan-an ni ti àwọn tí wọn kò tètè fún. Kò sí ọmọ ogun aláwọ̀ dúdú kankan tó gba Medal of Honor nígbà Ogun Àgbáyé Kejì. Ọdún 1997 ni Ààrẹ Clinton tó fún àwọn méje, Vernon Baker nìkan ló sì wà láàyè láti fọwọ́ ara rẹ̀ gbà á. Captain Paris Davis jà ní Bong Son ní Vietnam lóṣù Kẹfà 1965. Ìbọn bà á, síbẹ̀ ó kọ̀ láti kúrò níbẹ̀ títí ó fi kó àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tó fara gbọgbẹ́ jáde. Ìwé tí wọ́n kọ pé kí wọ́n fún un ní àmì ẹ̀yẹ sọnù, wọ́n tún un kọ, ó tún sọnù. Oṣù Kẹta 2023 ló tó gbà á lọ́wọ́ Ààrẹ Biden.

Òfin kan tó jáde ní 2002 sọ pé kí ìjọba san owó àwọn ọdún tó ti kọjá fún irú ẹni bẹ́ẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Ó dáa bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n iye tí owó náà jẹ́ nígbà yẹn ni wọ́n fi ń ṣírò rẹ̀: dọ́là 100 ti ọdún 1965, dọ́là 100 náà ni wọn yóò kà sí i lọ́wọ́ lónìí.

Ọ̀pọ̀ nínú yín ní ẹ̀gbọ́n tàbí àbúrò bàbá tó wọ iṣẹ́ ológun Amẹ́ríkà. Ní 2009, ìjọba bẹ̀rẹ̀ ètò kan tí wọ́n pè ní MAVNI, tó gba àwọn àlejò tí kò tíì ní green card wọlé nítorí èdè tí wọ́n gbọ́, kí wọ́n lè tètè di ọmọ onílùú. Yorùbá wà lára àwọn èdè náà. Èdè tí àwọn kan nínú wa ń tijú láti sọ níwájú ọ̀rẹ́ ló sọ àwọn kan di ọmọ Amẹ́ríkà. Wọ́n dá ètò náà dúró ní 2016.

Àbádòfin yìí kò kan irú àwọn bẹ́ẹ̀, àfi ẹni tó bá gba àmì ẹ̀yẹ náà. Èyí tó kàn wọ́n ni PACT Act ti 2022, fún àwọn tó fa èéfín ìdọ̀tí tí wọ́n ń sun ní Iraq àti Afghanistan sínú. Ẹni tó bá kọ̀wé sí VA pé òun fẹ́ bèèrè owó ní ọdún kan gbáko láti kó ẹ̀rí jọ, ọjọ́ tó kọ̀wé yẹn ni wọn yóò sì máa kà. Bí ẹ bá pe àwọn ẹ̀gbọ́n náà lọ́jọ́ Àìkú, ẹ béèrè ibi tí wọ́n tọ́jú ìwé DD214 wọn sí.