Àárín Òkè ni Mọ́ọ̀sì Gbé Pọ̀ Jù

Bí òjò bá wọlé dé ní Àpáta, ní Ìbàdàn Mesí Ọ̀gọ̀, nílé Olúyọ̀lé, kì í pẹ́ tí ara ògiri, etí gọ́tà àti ara ọ̀pẹ fi ń yọ àwọ̀ ewé, nítorí pé mọ́ọ̀sì àti ìbátan rẹ̀ lífàwọ́ọ̀tì, àwọn ewéko tín-ín-tín tí kì í tanná tí kì í so èso, ti jí sáyé. Ọ̀kan nínú wọn, Octoblepharum albidum, tí ó fẹ́ràn ara ọ̀pẹ, ni A. Egúnyọmí ti Yunifásítì Ìbàdàn ṣe ìwádìí ìgbé ayé rẹ̀ ní ìwọ̀ oòrùn Nàìjíríà, tí iṣẹ́ náà sì jáde ní 1979. Ṣùgbọ́n ìwọ̀nba ni irú wọn tí ó lè fara da ooru pẹ̀tẹ́lẹ̀. Ẹni tí ó bá fẹ́ rí ọ̀kan-ò-jọ̀kan wọn, òkè ni yóò gùn, kò sì ní í gùn ún dé téńté. Lórí Piton des Neiges, òkè erékùṣù Réunion tí ó ga ju mítà 3,000 lọ, agbedeméjì ni àwọn onímọ̀ ti bá irú wọn tí ó pọ̀ jù, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé kì í ṣe gbogbo òkè ayé ni ó rí bẹ́ẹ̀.

Ẹnìkan lè rò pé òjò nìkan ni ó ń pàṣẹ. Ká ní bẹ́ẹ̀ ni, ẹsẹ̀ òkè ni ìbá borí, nítorí pé ní Debundscha, ní ìdí Òkè Cameroon, òjò ọdún kan a máa tó mìlímítà 10,000, èyí tí ó ju ìlọ́po méje ti Ìbàdàn lọ. Ṣùgbọ́n òjò nìkan kọ́: àwọn ewéko wọ̀nyí kò ní gbòǹgbò tí ń fa omi. Ara ewé wọn ni wọ́n fi ń mu ún, wọn a sì dáwọ́ iṣẹ́ dúró nígbà tí ara bá gbẹ. Ní ìsàlẹ̀, òru móoru, mímí tí wọ́n ń mí lóru a sì máa jẹ oúnjẹ tí wọ́n sè lọ́sàn-án tán. Bí a ti ń gun mítà 1,000 kọ̀ọ̀kan, ooru a máa dín ní nǹkan bí ìwọ̀n Celsius 6, títí a ó fi dé ibi tí ìkùukùu ń sùn sí lórí igbó, tí ẹ̀ka igi gbogbo wọ mọ́ọ̀sì bí agbádá àrán. Lókè ibẹ̀, igbó pin, koríko gba ilẹ̀, afẹ́fẹ́ gbígbẹ àti òtútù sì gbóró. Lífàwọ́ọ̀tì, tí ó nílò ọ̀rinrin jù, ni ó kọ́kọ́ ń padà sẹ́yìn, mọ́ọ̀sì a sì tún rọ́jú díẹ̀ lára òkúta. Àṣejù, baba àṣetẹ́: ooru àṣejù nísàlẹ̀, òtútù àṣejù lókè.

Nísinsìnyí tí ayé ń gbóná, ibi tí ìkùukùu ń bà lé lè sún gòkè, òkè kan kò sì ní gíga àìlópin. Nítorí náà, ẹni tí ń gé igbó orí òkè ní Obudu tàbí Mambilla fún oko àti pápá màlúù, igi tí ń gba omi lọ́wọ́ ìkùukùu ni ó ń gé.